Oògùn Tó Ṣẹ́kù Nílé Kì í Ṣe ti Ajá Tàbí Ológbò Wa

Nínú ìwé yìí, a máa ń kọ̀wé nípa owó ilé, ìwé ìgbélùú, àti owó ìrànwọ́ ọmọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ajá àti ológbò ni a fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọ́fíìsì wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, omijé ló sì máa ń bá a wọlé.

Nílé, ẹnu ọ̀nà ni ajá ń gbé láti ṣọ́ ilé, ológbò sì ń lé eku ní ilé ìdáná. Níbí, àwọn ọmọ wa ló mú wọn wọ inú ilé. Ọmọ bẹ̀bẹ̀ títí, ó sunkún. Bàbá ní òun ò gbà. Ìyá ní ẹ jẹ́ kí ó rí nǹkan bá ṣeré. Kí a tó mọ̀, ajá ti ń sùn lórí àga ìjókòó, ó ti di ara ilé. Ìgbà tí àìsàn bá dé ni a máa ń rí i pé kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ wa bá sì kọ́kọ́ tó ni a máa ń fún un.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÌDÍLÉ KAN

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan wá bá wa pẹ̀lú ìwé owó láti ilé ìwòsàn ẹranko. Ó fẹ́ kí a bá òun wo bí òun yóò ṣe san án díẹ̀díẹ̀. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé oṣù kan. A ní kí ó jókòó, kí ó sọ bó ṣe jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ológbò wọn, akọ, ọmọ ọdún mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú àwo ìyàgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń jáde, tí ó tún ń padà wọlé. Ó ń lóṣòó, ó ń tiraka, ó ń ké. Ẹ̀kán ìtọ̀ bíi mélòó kan ló ń jáde.

"Mo ní àtọ̀sí ni," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí a ń lò sí i nílé."

Ó ní Ampiclox tí àbúrò rẹ̀ mú bọ̀ láti Èkó. Ó tú kápúsù kan, ó pín ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin lórí tábìlì, ó sì po ìdá kan mọ́ sàdíìnì. Ológbò náà jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò jẹun mọ́, ni ìyá bá po ó mọ́ omi, ó fi ṣíbí rọ ọ́ sí i lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé oògùn ti wọlé, ó kù kí ó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, ológbò náà ń bì, kò sì lè dìde mọ́. Àwọn ọmọ bú sẹ́kún. Wọ́n fi aṣọ ìnura dì í, wọ́n wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn pàjáwìrì. Dókítà fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó rí i pé àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti le bí òkúta. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló ti dí pátápátá. Wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ láti la ọ̀nà náà, wọ́n sì dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó yè. Nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí kòkòrò àrùn kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Kì í ṣe pé Ampiclox ló dí ọ̀nà ìtọ̀ ológbò. Àkókò ni oògùn yẹn gbà lọ́wọ́ wọn. Ológbò akọ tí kò lè tọ̀ rárá lè kú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, oògùn apakòkòrò kankan ò sì lè ṣí ọ̀nà tó dí. Nítorí pé ìyá náà ti fún un ní nǹkan, ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà kì í ṣe ìkà, kì í sì í ṣe aláìgbọ́n. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ló ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ èyí: ìṣirò owó ni àwa tí à ń kọ ọ́ kọ́, a kì í ṣe dókítà ẹranko. Ohun tó wà níhìn-ín kò dípò dókítà. Yóò kàn jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ bá a, ohun tó yẹ kí ẹ bi í, àti bí ẹ ó ṣe lo oògùn tó bá fún yín.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: IṢẸ́ TÍ OÒGÙN YÌÍ Ń ṢE

Áńtíbáyótíìkì ni oògùn tí ń pa bakitéríà, tàbí tí kì í jẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Bakitéríà jẹ́ irú kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí. Amoxicillin, doxycycline, metronidazole tí a mọ̀ sí Flagyl, gbogbo wọn wà lára ẹbí yìí. Kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Kì í sọ ibà kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe oògùn ìrora. Kì í ṣe oògùn aràn, kò sì lè ṣí ohun tó bá dí.

Ọ̀pọ̀ àìsàn ajá àti ológbò kò sì wá láti ọwọ́ bakitéríà. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀fìnkìn ológbò. Fáírọ́ọ̀sì náà ni párífò tí ń pa ọmọ ajá. Ìgbẹ́ gbuuru lè wá láti inú oúnjẹ tí kò bá a lára mu, ó sì sábà máa ń lọ láìlo áńtíbáyótíìkì. Ara yíyún lè jẹ́ iṣẹ́ eégbọn. Ní ti ológbò tí kò tíì darúgbó, ìṣòro ìtọ̀ kì í sábà jẹ́ ti bakitéríà rárá, gẹ́gẹ́ bí ti ìdílé yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, tó yẹ ẹranko yín wò, tó sì ní kò nílò áńtíbáyótíìkì, ẹ má ṣe rò pé ó fi owó yín ṣòfò. Àwọn kan ti bá wa jà lórí èyí. "A san owó, kò fún wa lóògùn!" Àyẹ̀wò yẹn gan-an ni ohun tí ẹ fi owó rà.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ÌDÍ TÍ OÒGÙN ÈNÌYÀN KÒ FI YẸ WỌ́N

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sọ ọ́. Oògùn kan wà tí àwọn dókítà ẹranko sábà ń lò, amoxicillin tí wọ́n pò mọ́ clavulanic acid. Ìwọ̀n rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jẹ́ mílígíráàmù 12.5 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́. Ológbò tó wọn kílò 4 yóò gba mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀kan. Kápúsù amoxicillin ti àgbàlagbà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín sì lè jẹ́ mílígíráàmù 500. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 10. Bí ẹ bá ní ẹ ó pín in, ìwọ̀n wo lẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Ìyẹ̀fun kì í pín dọ́gba lórí tábìlì. Bó bá tilẹ̀ pín dọ́gba, kì í ṣe oògùn kan náà ni, nítorí kò sí clavulanic acid nínú ti yín. A kò kọ ìṣirò yìí kí ẹ lè máa pín oògùn fúnra yín o. A kọ ọ́ kí ẹ lè rí bí àṣìṣe náà ṣe tóbi tó.

Ọ̀ràn náà ju ìwọ̀n lọ. Ara ẹranko kì í lo oògùn bí ara tiwa. Oògùn tó ń jẹ́ enrofloxacin, bó bá ti pọ̀ jù fún ológbò, ó lè fọ́ ọ lójú. Ó sì lè ba oríkèé ọmọ ajá tó ṣì ń dàgbà jẹ́. Metronidazole tó bá pọ̀ jù lè mú kí ajá máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Àwọn oògùn olómi kan tí wọ́n ṣe fún ènìyàn ní xylitol nínú láti mú un dùn; májèlé ni xylitol jẹ́ fún ajá. Bí ilé yín bá ní ehoro tàbí hámstà, ẹ rántí pé amoxicillin tí a bá gbà á lẹ́nu lè pa á, nítorí ó ń pa kòkòrò rere tó ń bá a da oúnjẹ.

Nígbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ àpò oògùn, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: hóró paracetamol kan ṣoṣo lè pa ológbò. Ibuprofen sì lè ba kíndìnrín àti inú ajá jẹ́. Wọn kì í ṣe áńtíbáyótíìkì, ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ọwọ́ tó wá Ampiclox lóru lè mú wọn.

Òfin ilẹ̀ yìí náà dá sí i. Ní Bìrìtìkó, a kò gbọdọ̀ ta áńtíbáyótíìkì fún ẹranko láìsí ìwé dókítà ẹranko, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún dókítà ẹranko láti kọ oògùn ènìyàn nígbà tí kò bá sí ti ẹranko tó yẹ. Kò fi àyè náà sílẹ̀ fún àwa. Òfin Ìtọ́jú Ẹranko ti 2006 ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Wales sì sọ pé ẹni tó bá ní ẹranko gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Ẹni tó bá jókòó wò ó níran lè dé kóòtù.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: OHUN TÍ Ẹ Ó SỌ ÀTI OHUN TÍ Ẹ Ó BÈÈRÈ

Ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà. Bí ẹ bá ti fún ẹranko náà ní oògùn kan tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́, ẹ mú páálí rẹ̀ dání. A mọ̀ pé ojú máa ń tì wá. Ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀ kọ́kọ́ pa á mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló tú u fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń tọ́jú ẹranko nílò ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ bí ẹranko náà bá lóyún, tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí tí oògùn kan ti bá a jà rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. Kí ni orúkọ àìsàn yìí, ṣé ó dá yín lójú pé bakitéríà ló fà á?
2. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò ọyún tàbí ìtọ̀ láti mọ oògùn tó máa ràn án?
3. Hóró mélòó ni, lẹ́ẹ̀mélòó lójúmọ́, fún ọjọ́ mélòó?
4. Ṣé kí a fún un pẹ̀lú oúnjẹ, àbí kí inú rẹ̀ ṣófo?
5. Ṣé a lè fọ́ hóró náà tàbí kí a lọ̀ ọ́?
6. Ọjọ́ wo ló yẹ kí a rí ìyàtọ̀? Bí a kò bá rí i ńkọ́?

Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ yín lẹ́nu dáadáa, ẹ má ṣe máa mi orí lásán. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ mú ẹnì kan tó gbọ́ ọ dání. Ẹ má ṣe gbé ẹrù náà lé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lórí.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: BÍ A ṢE Ń FÚN UN NÍLÉ

Àkókò. "Lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́" túmọ̀ sí wákàtí méjìlá síra wọn. Bí ẹ bá fún un ní aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́ ni èkejì. Kì í ṣe aago méje àárọ̀ àti ọ̀sán gangan nítorí pé ẹ ń lọ síṣẹ́ alẹ́.

Àkọsílẹ̀. Tọkọtaya kan wà tí ìyàwó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé àwọn arúgbó, tí ọkọ ń wa bọ́ọ̀sì ní ọ̀sán. Ìyàwó wọlé láàárọ̀, ó fún ajá lóògùn, ó lọ sùn. Ọkọ jí, kò mọ̀, òun náà fún un. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń fún ajá náà ní ìlọ́po méjì kí wọ́n tó mọ̀, nígbà tí oògùn tán ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ sì ti dàrú pátápátá. Nínú ìṣirò owó, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Ẹ lẹ bébà mọ́ ara fíríìjì. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹni tó bá fún un fi orúkọ rẹ̀ sí i. Iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Bí a ṣe ń fi sí oúnjẹ. Ẹ fi hóró náà sínú ègé adìyẹ bíbọ̀ kékeré tí kò ní iyọ̀ àti ata. Ẹ má fi ẹran inú ọbẹ̀ ṣe é o, nítorí àlùbọ́sà àti aáyù tó wà nínú ọbẹ̀ wa jẹ́ májèlé fún ajá àti ológbò. Ẹ má sì po ó mọ́ odindi abọ́ oúnjẹ. Bí ó bá jẹ ìdajì, ìdajì oògùn náà ló gbà.

Ológbò tí kò gbà. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ tuntun, kí orí rẹ̀ nìkan yọ. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka di igun ẹnu rẹ̀ mú láti òkè, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fi ìka kejì fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ẹ ju hóró náà sí ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ máa fọwọ́ ra ọ̀fun rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un ní omi díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa sá sí i lọ́rùn. Omi yìí ṣe pàtàkì gidigidi bí oògùn náà bá jẹ́ doxycycline. Bí hóró rẹ̀ bá há sí ọ̀fun ológbò ní gbígbẹ, ó lè jó ibẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà sì lè fún ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ pa. Ẹ má ṣe fi mílíìkì fún un lóògùn yìí, nítorí mílíìkì kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ tó.

Bí ẹ bá gbàgbé. Ẹ fún un nígbà tí ẹ bá rántí. Bó bá ti kù díẹ̀ kí àkókò tó kàn tó, ẹ fo èyí tí ẹ gbàgbé. Ẹ má ṣe fún un ní méjì lẹ́ẹ̀kan láti fi dí i. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fóònù ilé ìwòsàn.

Bí ara rẹ̀ bá yá kí oògùn tó tán. Bàbá kan ní ajá òun ní egbò lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, egbò náà gbẹ, ó bá dá oògùn dúró, ó kó ìyókù pamọ́ "fún ọjọ́ mìíràn". Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Èyí tí a fowó ṣe pàápàá, inú dúrọ́ọ̀ ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí! Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí egbò náà fi padà, ó wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà ẹranko lè ní kí ẹ dá a dúró kí ọjọ́ tó pé, nítorí kì í ṣe gbogbo àìsàn ló nílò ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe àwa. Ẹ fóònù kí ẹ tó dá a dúró.

Bí oògùn bá bá a jà. Èébì díẹ̀, àìfẹ́ jẹun, tàbí ìgbẹ́ rírọ̀ lè wáyé. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí wọ́n gbà yín nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí ojú tàbí ẹnu rẹ̀ bá wú, bí ara rẹ̀ bá lé, bí mímí bá ṣòro fún un, tàbí bó bá ṣubú, ẹ má dúró. Ọ̀ràn pàjáwìrì ni.

Ìtọ́jú oògùn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Àwọn oògùn olómi kan gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́. Bí oògùn bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà sí ilé ìwòsàn ẹranko. Ẹ má dà á sí ṣáláńgá tàbí ibi ìfọwọ́. Ẹ má sì fún aládùúgbò fún ajá tiẹ̀. Bí ara yín bá máa ń kọ penicillin, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan án.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: KÒKÒRÒ TÍ OÒGÙN KÒ RÀN MỌ́

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ajá mi ni, owó mi ni. Kí ló kan ẹlòmíràn?" Ó kàn wá o, àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé yẹn ló sì kọ́kọ́ kàn.

Bí oògùn bá kéré jù, tàbí tí a ń fún un ní ségesège, ó ń pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára, ó ń fi àwọn alágbára sílẹ̀. Àwọn yẹn ló máa bímọ. Díẹ̀díẹ̀, oògùn náà kò ní ràn wọ́n mọ́. Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928, kìlọ̀ nípa èyí nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ìkìlọ̀ náà ti ṣẹ. Ìwádìí tí ìwé ìṣègùn The Lancet tẹ̀ jáde ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 1,270,000 ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pa káàkiri ayé ní 2019. Bí a bá sì wò ó ní ìwọ̀n iye ènìyàn, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló burú sí jù. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí àti àbúrò wa nìyẹn.

Ajá àti ológbò ń bá wa sùn, wọ́n ń lá ọwọ́ àwọn ọmọ. Kòkòrò tó wà lára wọn lè wá sára wa, tiwa náà sì lè lọ sára wọn. Bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá wà lára ajá, tí ọmọ bá gé ara rẹ̀, tàbí tí ìyá àgbà ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè já sí. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fún ẹranko lóògùn tàbí tí ẹ bá kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó lá egbò ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: Ọ̀RỌ̀ OWÓ

A mọ̀ pé owó ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. NHS kì í tọ́jú ẹranko. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi ń kọ́kọ́ lọ sí àpò oògùn. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ lè ṣe.

Ẹ bèèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹ bi í bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Bí oògùn náà bá máa pẹ́, ẹ lè ní kí dókítà kọ ìwé oògùn fún yín kí ẹ fi rà á níbòmíràn. Wọ́n máa ń gba owó lórí ìwé náà, nítorí náà ẹ ṣe àròpọ̀: owó ìwé, owó oògùn, owó ìfiránṣẹ́. Fún oògùn ọjọ́ márùn-ún, ó lè má rọrùn jù lọ. Àti pé oògùn tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lónìí kò yẹ kó dúró de ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ àánú wà. PDSA, tí Maria Dickin dá sílẹ̀ ní Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1917 fún ẹranko àwọn tálákà, ń tọ́jú ẹranko lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń gba irú owó ìrànwọ́ kan, bí wọ́n bá ń gbé ní agbègbè tí PDSA ń ṣiṣẹ́ sí. Blue Cross àti RSPCA náà ń ṣèrànwọ́ ní àwọn ibì kan. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara ẹranko ṣì le, kì í ṣe ọ̀gànjọ́ òru tí ó ń kú lọ. Ní ti inṣọ́ránsì, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé rẹ̀. Àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ kì í sábà sí nínú rẹ̀.

Bó bá di òru, ẹ fóònù dókítà ẹranko yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tilẹ̀kùn. Òfin iṣẹ́ wọn ní kí ètò pàjáwìrì wà ní wákàtí 24, ẹ̀rọ wọn yóò sì sọ ibi tí ẹ ó pè.

Ẹ GÉ ÈYÍ, KÍ Ẹ LẸ̀ Ẹ́ MỌ́ FÍRÍÌJÌ

• Kò sí oògùn ènìyàn fún ajá tàbí ológbò àyàfi tí dókítà ẹranko bá kọ ọ́.
• Ológbò akọ tó ń tiraka láti tọ̀ tí kò lè tọ̀: ilé ìwòsàn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
• Ojú wíwú, mímí tó nira, ìṣubú, èébì tí kò dá: ilé ìwòsàn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
• Ẹni tó bá fún un lóògùn, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.
• A kì í ṣe ìlọ́po méjì. A kì í dá a dúró láìbèèrè. A kì í tọ́jú ìyókù.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÌDÍLÉ LÈ JỌ DÁHÙN

1. Oògùn wo ló wà nínú dúrọ́ọ̀ wa lónìí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀?
2. Kílò mélòó ni ẹranko wa wọ̀n? Ọ̀dọ̀ dókítà wo la ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀?
3. Bí gbogbo wa bá wà níbi iṣẹ́, ta ló máa fún un lóògùn alẹ́?

Ní ti ìyá tó wá bá wa, a bá a kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà, wọ́n sì gbà kí ó máa san owó náà lóṣooṣù. Nígbà tó padà wá dúpẹ́, ó gbé àpò ọ̀rá kan lé tábìlì wa. Gbogbo kápúsù tó wà nílé ló kó sínú rẹ̀, títí kan èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. "Ẹ bá mi wo ibi tí mo máa dá wọn padà sí," ló wí. A júwe kẹ́míìsì òpópónà fún un, nítorí wọ́n ń gba oògùn ènìyàn padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ yẹ dúrọ́ọ̀ yín wò lónìí. Bí ìwé owó ilé ìwòsàn ẹranko bá sì ń dà yín láàmú, ẹ má jókòó tì í. Ẹ mú un wá, kí a jọ wò ó.